Ojú Aago Bàbá Wa Tí Bàbá Jùbrílù Kùn

Bí ẹ bá dé Akanran lónìí tí ẹ ní Jùbrílù ni ẹ ń wá, ẹni tí ẹ bi lè ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ní Bàbá Aago, ọmọ ọdún mẹ́ta á nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù wọn fún yín. Pákó ni wọ́n fi kan ṣọ́ọ̀bù náà, páànù ló wà lórí rẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ìdí fèrèsé yẹn sì ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ìmọ́lẹ̀ á fi tán. Ibi tí mo ti ń ta epo pupa kò jìnnà síbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà wálé láti Ìrókò, níbi tí mo ti lọ́kọ, kò sí ọjọ́ ọjà tí n kì í rí wọn. Èmi Mùjíbátù ni mò ń sọ̀rọ̀, ọmọ Alájì Roheem tó ní oko kòkó nígbà ayé wọn. Kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: inú mi máa ń tètè bí, ẹnu mi sì máa ń ṣáájú mi dé ibi tí mò ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Bàbá Aago yìí, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi wà nínú rẹ̀, n ò sì ní fi pamọ́.

Bí kì í bá ṣe ti ikọ́ fée, wọn kì bá tí di oníṣẹ́ aago. Abúlé kan lẹ́yìn Akanran níbí ni wọ́n bí wọn sí, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni gbogbo ilé wọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé oko tí eruku sọ, tàbí tí èéfín igbó tí wọ́n ń sun fẹ́ sí wọn, àyà wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, wọn ò ní lè mí mọ́. Bàbá wọn wò ó títí, ó sú wọn, wọ́n ní ọmọ yìí ò lè ṣe iṣẹ́ ìdúró, kó lọ kọ́ iṣẹ́ ìjókòó. Ní ọdún 1966 ni wọ́n mú wọn lọ sí Gbági n'Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún aago ṣe nítòsí ṣọ́ọ̀bù àwọn Kórà, àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì. Ọdún kìíní, wọn ò fọwọ́ kan aago. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá, wọ́n sì ń fi ọwọ́ wá síkúrù tó bá bọ́ sílẹ̀, èyí tí kò tóbi tó orí eèrà. Ọ̀gá wọn ní ẹni tí kò bá ní sùúrù láti wá ohun tó sọnù, kó má kọ́ṣẹ́ aago.

Ọ̀gá yẹn náà ló sọ fún wọn pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni aago tí wọ́n ń ṣe ní Súwísì nílẹ̀ òyìnbó. Ọjọ́ tí Bàbá Aago kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀ o, àgbẹ̀ wo ló ń ṣe aago?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní láyé àtijọ́, orí òkè ni àwọn àgbẹ̀ kan ń gbé ní ìlú òyìnbó yẹn. Bí ìgbà òtútù bá dé, yìnyín á bo oko fún oṣù púpọ̀, kò sẹ́ni tó lè tú ilẹ̀. Tọkọtaya àti ọmọ á wọlé, wọ́n á jókòó ti fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹnì kan á máa gé eyín ẹ̀rọ, ẹnì kan á máa fá irin tín-ín-rín. Bí yìnyín bá yọ́, àwọn oníṣòwò láti Jẹ̀nífà, ìlú ńlá wọn, á wá kó gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n á tò ó pọ̀, ó di aago. Wọ́n ní láti ilé àgbẹ̀ ni aago tí àwọn olówó ń du ara wọn sí lónìí ti ṣẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ dé ibẹ̀, inú wọn á dùn. Ó dà bíi pé ìtàn yẹn ń sọ fún wọn pé wọn ò kúrò lóko rárá.

Àsìkò tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n padà wálé ni ayé aago dára jù. Owó kòkó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹni tó bá sì ti Mẹ́kà dé ò ní ṣàì ra aago bọ̀. Àwọn aago tí wọ́n ń yí lórí ni gbogbo rẹ̀, Súwísì ló sì pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti Japan dé, èyí tó ń lo bátìrì. Ó péye, kì í yẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Bàbá Aago ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ilẹ̀kùn ní Súwísì lákòókò yẹn ò lóǹkà, àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ó kan àwọn náà ní Akanran níbí. Ìgbà tí fóònù wá dé pátápátá, kò sẹ́ni tó ń bi aago ní aago mélòó ló lù mọ́. Okùn aago àti bátìrì ni wọ́n wá ń pààrọ̀, ìyẹn bí oníbàárà bá wá.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá nìkan ni èrò ṣì máa ń wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n á kun ilé, wọ́n á fọ agbádá, wọ́n á pa bàtà, aago náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ohun tí wọ́n bá gbé wá, Bàbá Aago á fọ inú rẹ̀, wọ́n á sì mú kí ìta rẹ̀ dán. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ti kọ́ àwọn pé oníbàárà kì í rí inú aago, ojú rẹ̀ ló ń rí, ẹni tó bá dá aago padà láìdán ò tíì ṣiṣẹ́. Kò sì sẹ́ni tó bá wọn jiyàn lórí ìyẹn rí, èmi gan-an ò jẹ́ gba ìkòkò epo tí kò mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá wa Alájì Roheem ni ọ̀rẹ́ wọn. Gbági ni wọ́n ti pàdé, ní 1971. Bàbá wa ti ta kòkó tó dára lọ́dún yẹn, wọ́n lọ ra aago. Kórà tó ń tajà ń fi àwọn tó tóbi tó ń tàn yòò hàn wọ́n. Jùbrílù, tí wọ́n rán níṣẹ́ débẹ̀, gbọ́ ohùn ará Akanran, wọ́n rọra sún mọ́ bàbá wa, wọ́n ní kí wọ́n má ra èyí tó ń tàn yẹn, kí wọ́n ra Omega olójú dúdú tó wà ní igun. Bàbá wa gbà. Láti ọjọ́ náà, ẹni méjèèjì ò ya ara wọn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá wa fi bí ọdún mẹ́tàlá jù wọ́n lọ.

Ojoojúmọ́ ni bàbá wa ń fi Omega yẹn sọ́wọ́. Ìyá wa á ní kí wọ́n fi sílé fún òde, wọn ò ní dáhùn. Òun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sóko, òun ni wọ́n ń wọ̀ tí wọ́n bá ń yí kòkó lórí ẹní nínú oòrùn. Ìgbà tó yá, oòrùn àti òógùn wọ inú rẹ̀, ojú rẹ̀ tó dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó pọ́n títí ó fi dà bí èèpo kòkó tó ti gbẹ. Ẹ wò ó, èmi ò tilẹ̀ kíyè sí i nígbà yẹn. Ta ló ń wo ojú aago lọ́wọ́ bàbá rẹ̀? Inú fọ́tò kan ló ti hàn kedere. Ọjọ́ ìkómọ Kifayah, ọmọ mi, ní 1989, bàbá wa gbé e sẹ́sẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì dì í mú, aago sì wà níwájú gbàgadà. Fọ́tò yẹn ń bẹ lára ògiri pálọ̀ títí dòní.

Bàbá wa kú ní 2004. A fi aago náà sọ́wọ́ Mikail, àbúrò mi ọkùnrin, torí òun ló dúró ti oko, òun náà ló sì wà lọ́dọ̀ wọn títí wọ́n fi lọ. A ní kó máa bá gbogbo wa tọ́jú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè rẹ̀ títí di ọdún 2023, tí ìjì ṣí páànù orí yàrá ìyá wa lọ. Ìyá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún. A ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, wọ́n kọ̀, wọ́n ní nínú ilé ọkọ àwọn ni àwọn ó kú sí. A wá na ọ̀rá ńlá sórí yàrá, bí òjò bá rọ̀ lórí rẹ̀, ìyá ò ní lè sùn.

Ibi tí a ti ń ronú ohun tí a ó ṣe ni Kifayah ti pè mí. Pápákọ̀ òfuurufú Alakia ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdí tíkẹ́ẹ̀tì ló wà. Ó ní ọkùnrin kan tó máa ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúwadọ̀tun, máa ń kó aago àtijọ́ jọ. Kifayah fi fọ́tò ìkómọ ara rẹ̀ hàn án lórí fóònù, ó ní bàbá àgbà òun náà ní irú rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà dìde dúró. Ọkùnrin náà ní bó bá jẹ́ pé aago tó wà nínú fọ́tò yìí ṣì wà, òun á san mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Mo ní kí Kifayah tún un wí, ó tún un wí. Orí mi wú. Mílíọ̀nù mẹ́ta á kan òrùlé gbogbo ilé, á sì tún kù.

Ọjọ́ Sátidé ló wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí ìyá wa lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó bèèrè omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún gbẹ, kó tó gba aago lọ́wọ́ Mikail. Ó wò ó, ó wo fọ́tò ara ògiri, ó tún wo aago. Mo rí i pé ojú ọkùnrin náà ti yí padà.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ojú tó wà nínú fọ́tò kọ́ nìyí."

Mo ní, "Báwo ni kò ṣe ní jẹ́ òun? Aago bàbá wa ni."

"Inú rẹ̀ ni, Ìyá. Ilé irin tó wà nínú rẹ̀ náà ni. Ojú rẹ̀ ni kì í ṣe òun. Ẹ wò ó, ó dúdú, ó ń dán. Ti inú fọ́tò pọ́n."

Mo ní ṣebí èyí tó dán ló yẹ kó wọ́n jù. Ó mi orí. Ó ní, "Àwa tí à ń kó wọn jọ kì í wá èyí tó ń dán, Ìyá. Èyí tó ń dán wà ní ṣọ́ọ̀bù. Omega dúdú ìgbà yẹn ò ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí oòrùn sọ di àwọ̀ yìí, kò sí ilé iṣẹ́ tó lè ṣe é. Ọdún ló ń ṣe é, méjì wọn kì í sì í jọra. Àwọn ọdún tí bàbá fi wọ̀ ọ́ yẹn gan-an ni à ń rà." Ó ní ojú ti inú fọ́tò yẹn nìkan, bó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan níbì kan, owó ńlá ń bẹ lórí rẹ̀. Ó ní èyí tó wà níbí, bí òun bá san ìdá kan nínú ìdá márùn-ún, òun ti gbìyànjú. Ó dúpẹ́, ó kí wa, ó lọ.

Mo yíjú sí Mikail. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn ló ra ọ̀kadà tuntun. N kò bi í níbi tó ti rówó rẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ọ̀kadà yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Mikail, níbo lo gbé ojú aago bàbá wa lọ?"

Ó ní, "N ò ta nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló ní o tà á? Èmi ni mo ní o tà á? Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́." Ó dákẹ́. Mo tún bi í, ó dákẹ́, ó ń wolẹ̀. Bó ṣe dákẹ́ yẹn gan-an ló ká mi lára jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣé kì í pariwo ni? Bí ẹnikẹ́ni bá fi irú ẹ̀sùn yẹn kan èmi, gbogbo Akanran ni yóò gbọ́ ohùn mi. Mo pè é ní olè. Ojú ìyàwó rẹ̀ ni mo ti pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, mo gbé aago náà lọ bá Bàbá Aago. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún wọn, mo ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sọ bí Mikail ṣe pààrọ̀ ojú rẹ̀. Wọ́n há awò kékeré tí wọ́n fi ń wo inú aago sójú, wọ́n ṣí aago náà, wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rọra gbé ẹ̀mú tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. 

Wọ́n ní, "Mùjí, kí ni Mikail sọ?"

"Ó ní òun ò ta nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́."

"Ó dákẹ́?"

"Ó dákẹ́, Bàbá. Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀."

Wọ́n dé aago náà padà, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ìgbà wo ni a ó jókòó lé e lórí. Mo ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a ó pe Lèmọ́mù wá, Mikail á búra. Wọ́n ní àwọn á wá. Mo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Lójú tèmi, wọ́n ti rí olè náà, ojú ọ̀rẹ́ wọn tó ti kú ni wọ́n ń rò tí wọn ò fi lè sọ ọ́. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí i káàkiri ọjà pé Bàbá Aago gan-an wò ó, ẹnu wọn wọhò. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní títì. Lọ́jọ́rú náà, títì ló wà. Fàdìlàt, ìyàwó wọn, wá ra epo lọ́wọ́ mi, ó ní wọn ò jẹun, wọn ò sì sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo ní ọ̀rọ̀ Mikail ló ń dùn wọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Pálọ̀ bàbá wa ni a jókòó sí, lábẹ́ fọ́tò yẹn. Ìyá wa wà lórí àga wọn, Lèmọ́mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Al-Kùránì wà lórí tábìlì nínú aṣọ funfun. Kifayah ti Alakia wá. Bàbá Aago jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, wọ́n kọ̀ láti sún wá síwájú. Àwọn ẹbí kan tún dúró síta lójú fèrèsé. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nílẹ̀: bí Mikail ò bá lè búra, orúkọ tí yóò máa jẹ́ títí ayé ní Akanran nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ náà á sì máa jẹ́ ẹ.

Lèmọ́mù ní kó gbé ọwọ́ lé Al-Kùránì. Ó ti ṣàlùwàlá wá. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ní òun ò ta ojú aago bàbá òun, òun ò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó yẹ kó tó mi. Kò tó mi. Mo ní, "Lèmọ́mù, kó fi kún un. Kó búra pé òun ò mọ ohunkóhun nípa bí ojú aago yìí ṣe yí padà."

Mikail gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí Al-Kùránì.

Ó ní, "Ìyẹn, n ò lè búra sí i."

Ariwo gba ojú fèrèsé. Ìyá wa bo ojú wọn. Èmi ní tèmi, mo dìde, mo ní ẹ gbọ́ ọ, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, mo sì fẹ́ máa bá a lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá Aago láti ìdí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Mùjí, jókòó." Wọn ò pariwo, ṣùgbọ́n mo jókòó.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo kun ojú aago yẹn."

 Àyà wọn ti ń hó, wọ́n dúró díẹ̀ kí èémí padà, wọ́n wá ń sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ Iléyá ni, lọ́dún 1996. Alájì gbé aago wá kí àwọn fọ inú rẹ̀. Wọ́n rí ojú rẹ̀ tó ti pọ́n, wọ́n rò ó pé ìdọ̀tí oko ni. Wọ́n ní, "Wọn ò ní kí n ṣe é. Mo fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu ni. Ìgbà tí ikọ́ dá mi dúbúlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ni wọ́n bọ́ ilé mi fún oṣù mẹ́rin. N ò ní ohun tí mo lè fi san án, àfi ọwọ́ mi. Mo ha gbogbo ojú rẹ̀ kúrò, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fi irun ewúrẹ́ kan ṣoṣo kọ orúkọ rẹ̀ padà sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wà láti Súwísì. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ṣe é."

Ó dà bíi pé wọ́n tan mí jẹ. Mo ní, "Bàbá, láti ọjọ́ Àìkú lẹ ti mọ̀. Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀rù bà mí, Mùjí. Àádọ́ta ọdún àti díẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe, èyí ló dára jù. Mo ti máa ń rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá kú, ohun kan ṣì wà tí mo ṣe láyé. Ìwọ wá sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú pé ìbàjẹ́ ni. Mo ń wá bí n ó ṣe gbé e mì, kò gbé mì." Wọ́n yíjú sí Mikail. "Ọmọ mi, forí jì mí. N kò mọ̀ pé ìwọ náà mọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Kí ni ohun tí o ò lè búra sí?"

 Lèmọ́mù ní kó sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣe é ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Omi ti wà lójú Mikail. Ó ní, "Bàbá wa ló ní kí n má sọ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ Iléyá yẹn, wọ́n bọ́ aago náà, wọ́n gbé e sórí ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́, wọ́n ń wò ó títí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní aago oko àwọn ni, gbogbo ọdún tí àwọn ti lò lóko ló wà lójú rẹ̀, Jùbrílù ti fi ìfẹ́ pa á rẹ́. Wọ́n ní inú rẹ̀ dùn púpọ̀ nígbà tó gbé e fún àwọn. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ràn àwọn, n ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Jùbrílù gbọ́ ọ láyé. Mo ṣèlérí fún wọn."

Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àbúrò mi gbọ́ olè lẹ́nu mi lójú aya àti ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ ọ lọ́jà, ó gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, kò sì la ẹnu rẹ̀, nítorí kí arúgbó kan má baà mọ̀ pé ẹ̀bùn tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò dùn mọ́ ọn. Èmi sì nìyí tí mò ń bínú pé kò pariwo.

Bàbá Aago jókòó síbẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n ń wò wọ́n. Wọ́n ní, "Alájì ò fi sọ́wọ́ mọ́ nìyẹn."

Mikail ní, "Wọ́n ń fi sọ́wọ́, Bàbá. Bí wọ́n bá ti fẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, wọ́n á ní kí n bá àwọn gbé e jáde nínú àpótí. Wọ́n á yí i, wọ́n á fi sọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti padà délé, wọ́n á bọ́ ọ fún mi. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá Aago bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọn ò bo ojú wọn, wọn ò sì nu ún. Ìyá wa dìde lórí àga, wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ògiri lọ bá wọn nídìí ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó tì wọ́n.

Èmi ni mo dàgbà jù lọ́mọ ilé yẹn, ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ju Mikail lọ, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Mo rìn lọ síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ lójú Lèmọ́mù, lójú ọmọ mi, lójú àwọn tó wà lójú fèrèsé. Mo ń bẹ̀ ẹ́. Kò tètè ní kí n dìde.